Ẹ Jẹ́ Kí Aládùúgbò Yín Rí Oorun Sùn

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ nínú wáàsí. Ọ̀rọ̀ ariwo ni: ariwo inú ilé, èyí tí a ń pa tí a kò sì mọ̀ pé a ń pa á, àti ohun tí ó ń fi ojú aládùúgbò wa rí. Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé ìwà ọmọlúàbí lásán ni, kò kan ẹ̀sìn. A kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Ìyànà Ìpájà mọ̀ pé ibẹ̀ kò mọ ìdákẹ́jẹ́. Òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà tí ó lọ sí Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkọ̀tún yà láti ibẹ̀. Gáréèjì ni, ọjà ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn kọ̀ńdọ́ ti ń pe Ọ̀ṣòdì àti Abúlé Ẹ̀gbá, tí fèrè ọkọ̀ kan ń dá èkejì lóhùn, tí àwọn tí ń ta egbòogi sì ń polówó nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìjọba ìbílẹ̀ ogún tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ lónìí kò nílò kí a sọ fún un pé iye náà ti lé sí i. Ariwo ojú títì yìí kò sí ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni èyí tí ó ń jáde láti ojúlé wa.

Ẹ wo bí ọjọ́ òṣìṣẹ́ kan ṣe máa ń rí ní àdúgbò yìí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Erékùṣù Èkó tàbí ní Àpápá kò lè dúró de oòrùn kí ó tó jáde nílé. Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni yóò ti dìde. Ní àṣálẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ yóò dá a dúró lójú ọ̀nà títí aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Nígbà tí yóò bá fi wẹ̀, tí yóò jẹun, tí yóò kírun alẹ́, oorun tí ó kù fún un kò ju wákàtí márùn-ún lọ. Wákàtí márùn-ún yẹn ni ó fi ń ra agbára ọ̀la. Bí àwa bá wá fi rédíò tàbí jẹnẹrétọ̀ gba wákàtí méjì nínú rẹ̀, olè ni a jà. A kò gun ògiri, a kò já ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ohun tí í ṣe ti ẹlòmíràn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó yọ̀ǹda.

Olè yìí sì burú ju ti owó lọ ní ọ̀nà kan. Ẹni tí ó jí owó lè dá owó padà. Ta ni ó lè dá oorun padà? Àwọn onímọ̀ wa kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀, ìrònúpìwàdà a máa pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà láàárín ẹrú àti ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀, àfi kí ẹni tí a ṣẹ̀ fi orí jì wá tàbí kí a san án fún un. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ẹni tí ó ṣẹ̀ aládùúgbò kan mọ ilẹ̀kùn tí yóò lọ kàn. Ẹni tí ó fi ẹ̀rọ agbóhùnjáde jí òpópónà kan pátá ní aago kan òru kò mọ ẹni tí ó jí. Ìyá ọlọ́mọ tuntun wà níbẹ̀ tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún láti sùn. Aláìsàn tí egbòogi ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ara rọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tí yóò jókòó ìdánwò ní òwúrọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òru nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣiṣẹ́ òru àti ọlọ́dẹ tí ó ṣọ́ ilé onílé mọ́jú, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Bí a bá mọ̀ pé irú wọn wà nínú ilé, ọ̀sán tiwọn ni òru.

Nínú Súúrátù Nísáà, ẹsẹ kẹrìndínlógójì, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a jọ́sìn fún Òun nìkan, kí a ṣe dáadáa sí òbí àti ẹbí, ó sì dárúkọ aládùúgbò tí ó sún mọ́ni àti èyí tí ó jìnnà, gbogbo rẹ̀ nínú ẹsẹ kan náà. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá jẹ́ kí a mọ̀ pé Máláíkà Jibril tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò fún Ànábì títí Ànábì fi rò pé yóò di ẹni tí ń bá ènìyàn pín ogún. Kò sí ibi tí a ti ní kí a kọ́kọ́ bi aládùúgbò ní ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa àgùntàn nílé Abdullah ọmọ ‘Amr, ohun tí ó ń bèèrè léraléra ni pé ṣé wọ́n ti fún aládùúgbò òun tí í ṣe Júù nínú rẹ̀. Ní Ìyànà Ìpájà, ẹni tí ògiri pa wá pọ̀ lè jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì láti Ìlá, Ígbò láti Ówèrè, tàbí Ẹ̀gùn láti Àgbádárìgì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò dín.

Ìṣe Ànábì fúnra rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí wú ni lórí. Miqdad, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, wà lára àwọn tí Ànábì gbà sílé nígbà kan tí ebi mú wọn, ó sì ròyìn bí Ànábì ti máa ń wọlé tọ̀ wọ́n wá lóru. Yóò sálámà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ní ga tó èyí tí yóò jí ẹni tí ó sùn, kò sì ní rẹlẹ̀ tó èyí tí ẹni tí ó lajú kò ní gbọ́. Inú ìwé hádíìsì Muslim ni èyí wà. Sálámà ni a ń sọ yìí o, àdúà àlàáfíà tí ó ní láádá nínú. Síbẹ̀ ó wọn ohùn rẹ̀ nítorí ẹni tí ó sùn. Kí ni kí a wá sọ nípa ẹni tí ó ń lu gèètì gbàgà-gbàgà ní aago méjìlá òru, tàbí ẹni tí ó ń fun fèrè ọkọ̀ kí ọmọ ọ̀dọ̀ lè wá ṣílẹ̀kùn fún un, nígbà tí tẹlifóònù wà ní àpò rẹ̀?

Ìtàn kan tí àwọn onímọ̀ máa ń sọ nípa Imam Abu Hanifa ti ìlú Kufa, tí ó kú ní ọdún 767, yẹ fún ẹni tí ariwo ń dé bá pẹ̀lú. Ó ní aládùúgbò kan tí í ṣe aránbàtà. Bí ọkùnrin yìí bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọtí ni yóò máa mu, yóò sì máa kọrin títí oorun yóò fi gbé e lọ, Imam sì wà nídìí ìrun òru rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri. Ní òru ọjọ́ kan, Imam kò gbọ́ orin mọ́. Ó bèèrè, wọ́n ní àwọn ọlọ́dẹ ìlú ti mú un. Ó dìde, ó tọ baálẹ̀ ìlú lọ, ó sì gba ọkùnrin náà sílẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin náà kò padà sí ìdí ọtí mọ́. Ohun tí ó wù wá nínú ìtàn yìí ni pé Imam mọ ohùn aládùúgbò rẹ̀ débi pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ gan-an kọ ọ́ lóminú. Mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó ń gbé yàrá kejì?

Ó yẹ kí a wo ilé wa fúnra rẹ̀, nítorí bí a ṣe kọ́ ọ ni ó mú kí ariwo rìn. Nínú ilé tí a ń pè ní face-me-I-face-you, tí yàrá kọjú sí yàrá, ògiri búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ni ó la ìdílé méjì. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ògiri náà kò tilẹ̀ dé páànù. Àjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo orí yàrá, òkè àjà sì ṣófo láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní yàrá kìíní a máa gba òkè àjà lọ sí yàrá kẹrin. Ohùn kíkẹ́ lè kú lára ògiri, ṣùgbọ́n ohùn ìlù tí ó ń dún gbìn-gbìn láti ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ agbóhùnjáde, ògiri kì í dá a dúró. Ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ orin tàbí ti wáàsí náà. Gbìn-gbìn yẹn nìkan ni yóò máa lu àyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí ó yọ ọ́ kúrò lára ògiri àjọni, tí ó sì rẹ ìlù ìsàlẹ̀ yẹn sílẹ̀, ó ti ṣe aládùúgbò rẹ̀ lóore ńlá láì pa ẹ̀rọ.

Bákan náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iyán tí a gún lókè, orí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni a gún un sí. Kí a gbé odó sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ni ó dára jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a tẹ́ àpò tàbí ẹní gbígbó sábẹ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Ẹsẹ̀ àga tí a ń wọ́ nílẹ̀ a máa ké. Bàtà sílípáàsì tí ó ti gbó, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, yóò pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ògiri yín dé abẹ́ páànù. Iye búlọ́ọ̀kù tí yóò gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjà tí yóò dá dúró.

Ti jẹnẹrétọ̀ ni ó pọ̀ jù. Gbogbo wa mọ èyí kékeré tí àwọn ará ìlú sọ ní “I better pass my neighbour”, ìyẹn ni pé mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Ẹni tí ó fún un ní orúkọ yẹn fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà korò. Ìmọ́lẹ̀ wà ní yàrá tèmi, ariwo àti èéfín wà ní fèrèsé tìrẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè tan án mọ́jú mọ́, àwọn tí ó ní agbára sì ti ń ra iná oòrùn àti bátìrì tí kì í dún. Ẹni tí ó ṣì ń lo jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tí yóò ní kí ó máa jókòó sínú òkùnkùn àti ooru. Ṣùgbọ́n sailẹ́ńsà tí ó ti bẹ́ ni kí ó pààrọ̀, kí ó gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sí fèrèsé gbogbo ènìyàn, tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn lójú oorun. Kí àwọn ará ilé sì jọ fẹnu kò sí aago tí gbogbo ẹ̀rọ yóò kú. Aago mẹ́wàá dára. Ilé tí àdéhùn bá wà, a kì í jà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìjọba ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. LASEPA, àjọ tí ó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fi 55 lélẹ̀ fún àdúgbò ibùgbé ní ọ̀sán àti 45 ní òru. Kí ó lè yé yín: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì jókòó sọ láìpariwo jẹ́ nǹkan bí 60. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2009, sọ pé kí ariwo òru ní ìta ilé má ju 40 lọ, nítorí ariwo tí ó ń já oorun mọ́ni lójú lóòrèkóòrè a máa dá àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọkàn sílẹ̀.

Ó ku èyí tí ó kan àwa gan-an, a kò sì ní fò ó. Àwa Mùsùlùmí a máa ka ariwo àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì sí ìnira, àwọn náà a sì máa ka tiwa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ìròyìn kàn káàkiri ayé pé ìjọba Èkó ti ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú àwọn ilé ìtura àti ilé fàájì bíi mẹ́wàá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí Èkó bọ́ lọ́wọ́ ariwo nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2020. Ọdún 2020 ti kọjá, etí wa ṣì ń gbọ́. Ẹni tí ó bá ń yọ̀ pé tiwọn ju tiwa lọ nínú ìṣirò yẹn kò tíì lóye. Mọ́ṣáláṣí kan tí a tì nítorí pé ó ń ni aládùúgbò lára ti pọ̀ jù.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a má pe ìrun. Ìpè ìrun kì í pẹ́, àdúgbò sì mọ àkókò rẹ̀. Èyí tí a ń sọ ni wáàsí tí a gbà sílẹ̀, tí a sì ń lù síta láti aago mẹ́ta òru. Wálímọ̀ tí a ta àgọ́ fún sí ojú títì, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé aláìsàn. Àti ọ̀dọ́ tí ó gbé Àlùkùránì sókè nínú yàrá rẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò lè sùn, tí ó sì rò pé láádá ni òun ń kó jọ. Ànábì wà nínú ìtìkáfì ní mọ́ṣáláṣí rẹ̀ nígbà kan tí ó gbọ́ tí àwọn kan ń gbé ohùn kíké Àlùkùránì ga. Ó ká aṣọ ìkélé, ó sì sọ fún wọn pé olúkúlùkù ni ó ń bá Olúwa rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹnìkan má fi ohùn ni ẹnìkejì lára. Abu Dawud ni ó gbà á wá. Ẹni tí ń jọ́sìn ni a ní kí ó má fi ìjọ́sìn ni ẹni tí ń jọ́sìn lára. Kí wá ni ti ẹni tí oorun wà lójú rẹ̀?

A máa ń bá àwọn tí ń lu wéré wí. Ní ayé àtijọ́, wéré ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí ènìyàn sáárì nínú oṣù àwẹ̀, láti inú rẹ̀ sì ni fújì ti jáde, èyí tí olóògbé Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní ọdún 2010, sọ di ìlú mọ̀ọ́ká. Nígbà yẹn, aago kò sí ní gbogbo ilé. Lónìí, tẹlifóònù tí ó kéré jù lọ mọ bí a ti ń jí ènìyàn. Àwa tí a kọ ìlù, ṣé ẹ̀rọ agbóhùnsókè tiwa kò ti wá dún ju ìlù wọn lọ?

Ní ilẹ̀ Saudi Arabia, ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn pàṣẹ pé ìpè ìrun àti ìkómọ̀ nìkan ni kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ ìta mọ́ṣáláṣí pè, kí ohùn rẹ̀ má sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ̀rọ náà lọ. Lára ohun tí wọ́n gbé e lé ni fátúwà Sheikh Muhammad ibn Salih al-Uthaymeen, tí ó kú ní ọdún 2001. Àwọn kan bínú sí àṣẹ náà. Lójú tiwa, bí ilẹ̀ Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà bá lè rẹ ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ nítorí ọmọdé àti arúgbó, kò sí ohun tí ó yẹ kí ó le fún mọ́ṣáláṣí Ìyànà Ìpájà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ariwo ń dà láàmú ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Sísọ ni ó yẹ, ṣùgbọ́n sísọ ní ọgbọ́n. Má ṣe pariwo láti ojú fèrèsé ní aago kan òru. Ariwo kejì ni ìyẹn. Jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ìbínú rọlẹ̀, kí o wá lọ bá a nílé. Bí ó bá jẹ́ àgbà, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí o sì sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wa kékeré kì í rí oorun sùn bí ẹ̀rọ yín bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá fèrèsé wa.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ohùn wọn ń jáde. Bí kò bá gbọ́, onílé wà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wà. Lẹ́yìn wọn, Citizens’ Mediation Centre wà, ilé ìlàjà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, wọn kì í sì gba owó. LASEPA ni ìgbẹ̀yìn. Ọkùnrin kan fi ẹjọ́ aládùúgbò rẹ̀ sun Ànábì lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Sùúrù ni ó kọ́kọ́ ní kí ó ṣe. Nígbà tí kò yí padà ni ó wá ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Bí àwọn tí ń kọjá ti ń bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì ń bú aládùúgbò náà, ojú tì í, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó kó ẹrù rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì wá bá, ẹ má bi ẹni náà pé ṣé ilé bàbá rẹ̀ ni. Ẹ má wo ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ tó dá a lóhùn. Bí ó bá ṣì ń ké, kò ní gbọ́ “ẹ má bínú” tí ẹ fẹ́ sọ fún un.